Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, mo sì lóyún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún. Ọkọ mi máa ń ra bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á fọ́ ọ, wọ́n á yọ òjé inú rẹ̀. Èmi ni mo ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò òjé. Èsì tí wọ́n kọ ni 12 µg/dL. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí. Ẹnì kan ní kí n mu oògùn tí yóò fọ òjé náà kúrò lára mi kí n tó bímọ. Ṣé ọmọ inú mi ti bàjẹ́ ni? Ṣé màá lè fún un lọ́mú? Mo tún ní ọmọ ọdún méjì nílé.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ bá mi kí nọ́ọ̀sì yẹn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ibi ìtọ́jú aboyún ni wọn kì í béèrè iṣẹ́ tí ọkọ ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. 12 kò sọ pé ọmọ yín ti bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé òjé ń ráyè wọ ara yín láti ibì kan, ibẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ dí. Ẹ má mu oògùn ìfọra kankan. Láti òní lọ, ẹ má fọwọ́ kan aṣọ iṣẹ́ ọkọ yín mọ́. Kí ọmọ ọdún méjì yẹn lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá bímọ tán. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tiẹ̀ lè le ju ti èyí tó wà níkùn lọ. Tí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ ka èyí tó kù, ẹ mú ìwọ̀nyí dání.

Ẹ wá jẹ́ ká wo 12 náà. Ohun tí µg/dL ń sọ ni iye máíkírógíráàmù òjé (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) tó wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀; òun náà ni mo fi ń ka gbogbo nọ́ńbà òjé inú ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ yìí. Tí a bá ṣírò gbogbo òjé tó ń yí po nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún tí èsì rẹ̀ jẹ́ 12, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún gíráàmù kan. Ẹ ò lè fojú rí i, kò ní òórùn, kò sì ní adùn tàbí ìkorò tí ahọ́n lè mọ̀. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2021 pé tó bá ti tó 5, kí wọ́n wá ibi tó ti ń wá, kí wọ́n sì gé e. CDC, àjọ tó ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà, náà ti ń lo 5 fún aboyún látìgbà tí wọ́n gbé ìlànà tiwọn jáde ní 2010; nọ́ńbà tí wọ́n ń lò fún ọmọdé ti wá sílẹ̀ sí 3.5 láti 2021. Àwọn nọ́ńbà yìí ń sọ ìgbà tó yẹ kí a dìde ni. Kò sí èyí tó sọ pé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ òun kò léwu, torí a ò tíì rí ìwọ̀n òjé kankan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní pa ọmọ lára.

Ẹ ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín, mo gbà bẹ́ẹ̀. Inú rírun, àìlèyàgbẹ́, orí fífọ́, ara tí kò lókun, ìgbà tí òjé bá ti pọ̀ ju èyí lọ dáadáa ni ìwọ̀nyẹn máa ń fara hàn, aboyún púpọ̀ ló sì máa ń rò pé oyún ló fà á. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gbára lé bí ara ṣe rí lára ẹni lórí ọ̀rọ̀ òjé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá inú iṣan apá yín ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ náà tàbí ìka ni wọ́n gún. Tó bá jẹ́ ìka, tí ọwọ́ yín sì ti kan aṣọ yẹn láàárọ̀, eruku tó wà lára awọ lè dà pọ̀ mọ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré náà, kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tí wọ́n bá fà láti inú iṣan ni ká gbà gbọ́.

Báwo ló ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ? Ibi-ọmọ máa ń sé ọ̀pọ̀ nǹkan, kò lè sé òjé. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá oyún ló ti ń kọjá, yóò sì máa kọjá títí di ọjọ́ ìbí. Tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ wò lọ́jọ́ yẹn, iye òjé inú rẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ ti ìyá pẹ́kípẹ́kí, ó kàn máa ń dín díẹ̀ ni. Ìròyìn ayọ̀ wà nínú èyí pẹ̀lú: ohunkóhun tó bá dín tiyín kù ti dín tọmọ kù nìyẹn, ẹ sì ṣì ní oṣù mẹ́rin.

Ohun tó jẹ́ kí ara gbà á láyè ni pé òjé jọ kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, lójú ara, bí àlejò tí ojú rẹ̀ jọ ti ọmọ ilé. Ọ̀nà tí kálísíọ́ọ̀mù ń gbà wọ inú ọpọlọ, òjé á gbabẹ̀ wọlé. Níbi tí kálísíọ́ọ̀mù ti ń jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan sí èkejì, òjé á jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ á sì dàrú. Ọpọlọ ọmọ inú oyún ṣì ń kọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, ààbò tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ àgbàlagbà kò sì tíì múlẹ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjé ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀, tó fi jẹ́ pé aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ lè rí i pé kò tún wá tó mọ́ rárá.

Apá kan wà tí àwọn aláìsàn mi kì í retí. Òjé tó wọ ara lónìí kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀: láàárín nǹkan bí oṣù kan, ìdajì rẹ̀ á ti kúrò níbẹ̀. Ara ń tọ̀ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, èyí tí kò bá bá ìtọ̀ lọ á wọ inú egungun. Nínú àgbàlagbà, ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún òjé ara rẹ̀ lọ, inú egungun ló wà, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún. Nígbà tí oyún bá wá dé, ọmọ nílò kálísíọ́ọ̀mù tó tó 30 gíráàmù láti fi mọ egungun tirẹ̀. Tí oúnjẹ ìyá kò bá gbé e, egungun ìyá ni ara yóò ti bu ú, òjé àtijọ́ á sì bá a jáde. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Brian Gulson, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn kedere lára àwọn obìnrin tó ṣí wá sí Ọsirélíà. Òjé láti ilẹ̀ kan àti òmíràn ní àmì tí ẹ̀rọ lè fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nínú oyún àti nígbà ìfọ́mú, òjé tó ní àmì ilẹ̀ tí wọ́n ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Tí ẹ bá ti ń gbé pẹ̀lú iṣẹ́ bátìrì yìí fún ọdún mélòó kan, apá kan nínú 12 yẹn lè jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá. Torí náà, tí ẹ bá tún ilé ṣe tán, tí nọ́ńbà náà kò wálẹ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé asán lẹ ṣe.

Kí ló lè ṣe fún oyún àti ọmọ? Èyí tó ti pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ ni oyún bíbàjẹ́. Ní 1860 ni dókítà ará Faransé kan, Constantin Paul, ti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tó ń fi òjé ṣiṣẹ́, pé oyún ń bàjẹ́ lára wọn léraléra, ó sì tún ka àwọn tó jẹ́ pé ọkọ wọn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ òjé mọ́ wọn. Láyé ìgbà yẹn, òjé tí wọ́n ń fara kó pọ̀ ju tiyín lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ní Mexico City, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 rí i pé kódà láàárín àwọn tí nọ́ńbà wọn kò ga, bí òjé ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu oyún bíbàjẹ́ ń pọ̀ sí i. Ẹ ti kọjá àsìkò tí èyí wọ́pọ̀ jù. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru: kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò, torí òjé ń tì í sókè, ó sì ń bá irú ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tó lè fa gìrì rìn. Bíbí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé náà wà níbẹ̀. Port Pirie, ìlú kan ní Ọsirélíà tí wọ́n ti ń yọ́ òjé, wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Ọmọ tó fúyẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tún wà pẹ̀lú, tàbí èyí tí orí rẹ̀ kéré díẹ̀.

Ọpọlọ ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, ibẹ̀ ni ìbéèrè yín wà. Ọmọ tí òjé dé ara rẹ̀ nínú oyún sábà máa ń dà bí ọmọ mìíràn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Á ké, á mu ọmú, ojú rẹ̀ á mọ́. Kò ní àmì kankan tí nọ́ọ̀sì lè tọ́ka sí. Ohun tó bá sọnù, nínú bó ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀, bó ṣe ń fetí sílẹ̀, bó ṣe ń yanjú ìṣòro, ni yóò ti hàn lẹ́yìn ọ̀la, ó sì máa ń kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í lè nàka sí ọmọ kan ṣoṣo pé òjé ló ṣe é. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí David Bellinger, Herbert Needleman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀lé àwọn ìkókó kan láti ọjọ́ ìbí. Ní 1987, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ wọn tó 10 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba máàkì tó rẹlẹ̀ nínú ìdánwò ìdàgbàsókè ọpọlọ títí di ọmọ ọdún méjì. Iye tó wà lára yín kò jìnnà sí èyí, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Àmọ́ àwọn èèyàn máa ń ka ìwádìí yẹn dé 1987, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún márùn-ún, ìyàtọ̀ tó ti inú oyún wá ti dín kù púpọ̀. Àwọn tó bọ̀ sípò jù lọ ni àwọn tí òjé ara wọn wálẹ̀ lẹ́yìn ìbí, tí ilé tí wọ́n dàgbà sí sì ń fún ọpọlọ wọn ní iṣẹ́ ṣe. Òjé tó wà lára wọn nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méjì ló wá ń bá wọn kiri. Èyí ni mo fi ń sọ fún yín pé ilé tí ẹ ó gbé ọmọ yín wọ̀ ṣe pàtàkì ju 12 tí wọ́n kọ sórí ìwé lọ, ilé náà ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe nígbà náà. Eruku òjé láti inú bátìrì kúnná gan-an, á sì lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo. Ó ń bá ìṣẹ́tí ṣòkòtò wọlé, ó ń bá irun orí wọlé, ó wà lábẹ́ èékánná, ó wà nínú àpò. Bàtà ni ó burú jù. Ẹ wo fóònù ọkọ yín: ó ń fi ọwọ́ iṣẹ́ dì í mú látàárọ̀, ó sì lè jẹ́ òun náà ni ọmọ ọdún méjì ń gbà ṣeré lálẹ́, tó ń fi sẹ́nu. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ aṣọ yẹn, tí ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó rì í sómi, àsìkò yẹn gan-an ni ẹ fà á símú.

Ohun tó yẹ ni pé kí ọkọ yín wẹ̀, títí kan orí, kó sì pààrọ̀ aṣọ àti bàtà níbi iṣẹ́, kó tó forí lé ilé. Ibi iṣẹ́ ni kí wọ́n ti máa fọ aṣọ náà. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí òun fúnra rẹ̀ kó o sínú ọ̀rá láì gbọ̀n ọ́n, kó fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí ó má dà á pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ, kí ó sì da omi rẹ̀ síbi tí ọmọ kì í ṣeré dé. Kó nu fóònù àti kọ́kọ́rọ́. Nínú ilé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ gbígbẹ mọ́, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ nu ojú fèrèsé àti abẹ́ àga, kí ẹlòmíràn sì bá yín ṣe é. Kápẹ́ẹ̀tì tó ti gba eruku yìí fún ọdún pípẹ́, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n ká a jáde.

Ẹ ò sọ ibi tó ti ń fọ́ bátìrì. Tó bá jẹ́ nínú ọgbà ilé ni, gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí kò tó, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbà á, yóò sì máa ta eruku fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí wọ́n bá tún ń yọ́ ọ níná níbẹ̀, kí n sọ ojú abẹ níkòó: kí ẹ̀yin àti ọmọ yín lọ máa gbé níbòmíràn títí wọn ó fi kó iṣẹ́ náà kúrò, tí wọ́n á sì gbé erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ náà dànù tàbí tí wọ́n á fi kọnkéré bò ó. Mo mọ̀ pé èyí kò rọrùn. Ní Zamfara, ní 2010, irú iṣẹ́ tí wọ́n mú wọ agbo ilé ló pa ọmọdé tó lé ní 400: òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ níbi tí àwọn ọmọ ń ṣeré sí.

Àwọn ibòmíràn tí òjé lè gbà wọlé nìyí, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ògiri torí pé ẹ fẹ́ tún yàrá ọmọ ṣe. Tìróò tí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹ má lé e, ẹ má sì fi sójú ìkókó. Tí oyún bá ń mú yín jẹ erùpẹ̀ tàbí amọ̀, ẹ sọ fún dókítà láìtijú, kí ẹ sì dáwọ́ dúró. Abọ́ amọ̀ aláwọ̀ dídán tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, ẹ má fi gbé oúnjẹ. Omi tó ń gba inú páìpù òjé kọjá, sísè kò lè tún un ṣe. Bí ó ṣe ń gbẹ níná ni òjé inú rẹ̀ ń ki sí i.

Ní ti oúnjẹ, nǹkan méjì ni mo fẹ́. Kálísíọ́ọ̀mù tó tó kì í jẹ́ kí ara lọ bu egungun. Ní Mexico City, wọ́n fún àwọn aboyún kan ní 1200 miligíráàmù lójoojúmọ́, òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì dín ní nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti àwọn tí kò lò ó. Àwọn tó lò ó déédéé jèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. CDC fẹ́ kí aboyún tí òjé rẹ̀ tó 5 máa rí 2000 miligíráàmù lápapọ̀ lóòjọ́, oúnjẹ àti oògùn pọ̀. Kí dókítà yín bá yín ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún èyí tí wọ́n fi egungun ẹran tàbí ìkarahun lílọ̀ ṣe, torí òun náà lè ní òjé. Ìkejì ni èròjà irin. Ara tí irin kò tó nínú rẹ̀ máa ń fa òjé mọ́ra, torí ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé látinú ìfun. Ẹ má gbé kálísíọ́ọ̀mù àti oògùn irin mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kálísíọ́ọ̀mù á dí irin lọ́wọ́. Ẹ lo ọ̀kan láàárọ̀, kí ẹ lo èkejì lálẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ebi máa pa yín fún ìgbà pípẹ́, torí inú òfìfo ń gba òjé ju inú tó ní oúnjẹ lọ.

Oògùn tó ń di òjé mú tó sì ń bá ìtọ̀ gbé e jáde wà lóòótọ́. Nígbà tí òjé bá tó 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń ronú rẹ̀ fún aboyún, ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n lò. Ó ń kó àwọn èròjà tí ọmọ nílò dànù pẹ̀lú. Lára ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 12, ewu rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Ní ti èyí tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ ara, ẹ gbọ́ èyí: ní New York, láàárín 2011 sí 2012, ilé iṣẹ́ ìlera ìlú náà tọ ipasẹ̀ òjé tó wà lára aboyún mẹ́fà, wọ́n sì bá a lọ sínú oògùn ìbílẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ń gbé mì. Nínú oògùn gan-an ni òjé náà wà.

Láàárín oṣù kan, ẹ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ má bẹ̀rù tó bá gòkè díẹ̀ nígbà tí oyún bá wọ oṣù keje tàbí ìkẹjọ, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ aboyún. Ẹ kàn jẹ́ kí dókítà mọ̀. Kí ẹ ti sọ fún àwọn agbẹ̀bí ṣáájú pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti inú ìwọ́ lọ́jọ́ ìbí fún àyẹ̀wò òjé, torí tí wọ́n bá ti gbé ibi-ọmọ dànù tán, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Tí ti ọmọ bá tó 5, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò láàárín oṣù kan.

Ẹ fún un lọ́mú. Òjé tó ń gba inú wàrà kọjá kéré púpọ̀ sí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ìgbà tí tìyá bá tó 40 ni CDC ní kó fún wàrà náà dànù títí yóò fi wálẹ̀. Wàrà àtọwọ́dá tí wọ́n fi omi tó ní òjé pò lè burú ju tiyín lọ. Ẹ kàn má jẹ́ kí kálísíọ́ọ̀mù dáwọ́ dúró, torí egungun ṣì ń tú òjé sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò ìfọ́mú.

Mo fẹ́ padà sórí ọmọ ọdún méjì. Àgbàlagbà ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́wàá òjé tó bá gbé mì. Ọmọ kékeré lè gba tó ìdajì, ilẹ̀ ló sì ń rìn lé, gbogbo nǹkan ló ń fi sẹ́nu. Ọdún méjì yìí gan-an ni òjé sábà máa ń ga jù lára ọmọdé. Tí èsì tirẹ̀ bá tó 3.5, kí wọ́n máa tẹ̀lé e. Tó bá tó 45, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọkọ yín náà kó ṣe àyẹ̀wò pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Yóò yà mí lẹ́nu tí tirẹ̀ kò bá ju 12 lọ. Òjé ń ba kíndìnrín àti àtọ̀ ọkùnrin jẹ́, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ẹ mú èsì ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá dókítà pọ̀, kó lè rí bí gbogbo ilé ṣe rí.